Wíńlásì mi ti ń ké: báwo lẹ ṣe ń so ìdákọ̀ró yín kí ẹ̀rọ má baà gba gbogbo ìyà?

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará omi. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan ni mo rà, fáíbà, ẹsẹ̀ bàtà 34, ó ní wíńlásì oníná níwájú, ẹ̀rọ tó ń fa ìdákọ̀ró sókè. Èrò ìgbafẹ́ la fi ń gbé lọ sí Tarkwa Bay àti Ìlàṣẹ lópin ọ̀sẹ̀, nígbà míì a máa ń sùn sọ́hùn-ún. Ṣéènì mílímítà 8 ló wà nínú rẹ̀, nǹkan bíi mítà 50. Ìdákọ̀ró fúnra rẹ̀ jẹ́ kílò 16.

Láìpẹ́ yìí ni wíńlásì bẹ̀rẹ̀ sí í ké gbàù-gbàù tí a bá ń fa ìdákọ̀ró sókè. Mẹkáníìkì tú u, ó fi eyín gíà hàn mí. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló jẹ, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì dán. Ó ní ẹni tó lo ọkọ̀ yìí tẹ́lẹ̀ ló ń fi wíńlásì dá ọkọ̀ dúró sùn, pé gbogbo ìgbà tí ìgbì bá ti gbé imú ọkọ̀ sókè, ẹ̀gbẹ́ eyín yẹn ló ń gbà á. Mo ti ra gíà tuntun, owó rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ níta.

Ìbéèrè mi nìyí: tí ìdákọ̀ró bá ti wọlẹ̀, kí lẹ máa ń so mọ́ kí? Kápútéènì mi ní kí n ṣáà máa fún kúlọ́ọ̀ṣì wíńlásì pa, pé ó tó. Ṣé ó tó lóòótọ́?

BàbáAtukọ̀

Àbúrò, kò tó rárá. Wọ́n ṣe wíńlásì kó lè fa ṣéènì àti irin wọlé, kí ó sì tú wọn jáde. Kò sí ẹni tó ṣe é fún dídá ọkọ̀ dúró mọ́jú. Ẹni tó bá fi wíńlásì so ọkọ̀, àgbò iléyá ló so mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Kúlọ́ọ̀ṣì tí kápútéènì rẹ ń sọ yẹn, irin méjì tó wọnú ara wọn ni, ìfúnpọ̀ ló ń mú un. Bí o bá fún un níwọ̀nba, ìgbì á borí rẹ̀, ṣéènì á máa yọ́ jáde lóru láìsí ẹni tó mọ̀. Bí o bá fún un pa, ṣáàfù, bẹ́árìn àti eyín gíà ni yóò máa gba gbogbo ìfà náà. Èwo lo fẹ́ níbẹ̀?

Ohun tí àwa ń ṣe: lẹ́yìn tí ìdákọ̀ró bá ti jẹ ilẹ̀ tí o sì ti tú ṣéènì tó, mú okùn náílọ́ọ̀nù kan tí o yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan. So ẹnu kan mọ́ ṣéènì níwájú rólà, kẹ̀kẹ́ kékeré tí ṣéènì ń gbà jáde nímú ọkọ̀. So ẹnu kejì mọ́ kílíìtì iwájú ọkọ̀, irin oníwo méjì yẹn. Wá fi wíńlásì tú ṣéènì sí i díẹ̀díẹ̀, títí okùn yóò fi le tantan, tí ṣéènì tó wà láàárín okùn àti wíńlásì yóò sì dẹ̀, tí yóò rọ̀ sísàlẹ̀ lójú rólà. Tí o bá fọwọ́ kan ṣéènì tó wọ wíńlásì, tó ń mì jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, o ti ṣe é dáadáa. Okùn ló di ọkọ̀ mú báyìí, kílíìtì ló ń gbà á, wíńlásì ń sinmi. Sínọ́bà ni wọ́n ń pe okùn yẹn.

Èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń fò: so nǹkan kejì mọ́ ṣéènì lẹ́yìn sínọ́bà. Ó lè jẹ́ irin ìdábùú ẹ̀gbẹ́ rólà, èyí tó ń há ṣéènì mọ́ kó má yọ, ó lè jẹ́ okùn kúkúrú lọ sórí kílíìtì kejì. Tí sínọ́bà bá já láàárín òru, èyí ni kò ní jẹ́ kí ẹrù náà ré lu wíńlásì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó

Ẹ ṣeun bàbá, ó yé mi. Báwo ni mo ṣe máa so okùn mọ́ ṣéènì gan-an? Mo rí húùkù irin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé kí n rà á? Okùn náà ńkọ́, báwo ló ṣe máa gùn tó, báwo ló ṣe máa nípọn tó?

Àyìndé_Hamble

Ẹ kú àárọ̀ láti ìhín, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ okùn àti irin orí ọkọ̀ ni mò ń ṣe létí odò Hamble, nítòsí Southampton. Ọ̀rọ̀ yìí là ń bá àwọn oníbàárà fà.

Húùkù yá, kò gba ọgbọ́n púpọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ṣéènì bá dẹ̀, tí omi bá yí ọkọ̀ padà, ó lè bọ́. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ ra èyí tó ní ahọ́n tó ń tì í. Èmi fẹ́ràn kí n fi okùn fúnra rẹ̀ yí ṣéènì. Ẹ mú ẹnu okùn, ẹ yí i mọ́ ṣéènì lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí gbogbo ìyí náà wà ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ọkọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gun orí okùn tó ń lọ sínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ẹnu okùn kọjá sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìdákọ̀ró, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ tì í bọ abẹ́ ara rẹ̀, ẹ fà á le. Ẹ fi ìrù okùn sílẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Bí ẹrù bá ṣe ń pọ̀ ló ṣe ń di ṣéènì mú sí i. Tí ẹrù bá kúrò, ọwọ́ lásán lẹ máa fi tú u.

Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 34, náílọ́ọ̀nù mílímítà 12 ti tó o, èyí tí wọ́n fi ìran mẹ́ta lọ́, mítà 8 sí 10. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé bó bá ṣe nípọn tó ló ṣe dára tó. Rárá o. Okùn mílímítà 20 kò ní fà, ìyẹn ni pé kò ní nà, lábẹ́ irú ọkọ̀ yín. Tí okùn kò bá fà, kí lẹ wá so ó fún? Fífà yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀. Gígùn náà sì ni okùn fi ń rí àyè fà: okùn mítà 1 tó bá fi ìdá mẹ́wàá gùn sí i, ìbú àtẹ́lẹwọ́ lásán ni, mítà 10 yóò fún yín ní mítà kan gbáko.

Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà díẹ̀ sí i kí ẹ lè rí ohun tí gíà yẹn rí. Nínú tábìlì tí ABYC ń lò, àjọ tó ń gbé ìlànà ọkọ̀ ojú omi kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 30 nínú atẹ́gùn kílómítà 28 ní wákàtí kan, kí ẹ ka ìfà rẹ̀ sí nǹkan bíi kílò 80. Tí atẹ́gùn bá di kílómítà 56, ó di nǹkan bíi kílò 320. Atẹ́gùn di ìlọ́po méjì, ìfà di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ tiyín tún gùn ju ìyẹn lọ.

Ẹ wá fi wé wíńlásì. Ṣéènì mílímítà 8 jẹ́ nǹkan bíi kílò 1.4 ní mítà kan, mítà 50 jẹ́ kílò 70. Ẹ fi ìdákọ̀ró 16 kún un, ó di 86. Ìlànà tí à ń tẹ̀lé láti yan wíńlásì ni pé kí agbára ìfà rẹ̀ tó gíga jù lọ tó ìlọ́po mẹ́ta ẹrù yẹn, ìyẹn nǹkan bíi kílò 260. Nítorí náà wíńlásì tó bá ọkọ̀ yín mu rẹ́gí, ìjì kan ṣoṣo tó lágbára díẹ̀ ti jù ú lọ.

Ẹ̀pẹ́_lomi

Ẹ̀gbọ́n Hamble, ọ̀sà wa ti sú yín ni? 😄 Mítà 8 sí 10 okùn nínú omi tí kò ju mítà 2 lọ! Ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀sà Èkó àti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ọ̀pá lásán kan ilẹ̀ níbẹ̀. Okùn yẹn á kàn wọ ẹrẹ̀ lọ ni, ìdákọ̀ró á dúró tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Àwa kì í lo ohun tó ń jẹ́ wíńlásì. Mítà mẹ́ta sí márùn-ún ṣéènì, okùn tó kù, ọwọ́ la fi ń fà á. Tí ó bá ti há, a so okùn mọ́ orí ọkọ̀, a fún ẹ́ńjìnnì níná díẹ̀, ó ti yọ nìyẹn.

Àyìndé_Hamble

Ẹ̀gbọ́n, ẹ tọ̀nà, àmọ́ ọgbọ́n wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí okùn náà wà níta tán. Ẹ so ẹnu rẹ̀ mọ́ kílíìtì àárín ọkọ̀ tàbí ti ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wá síwájú, kó gba ojú irin iwájú jáde. Mítà 2 péré ló máa wà níta, mítà 6 tàbí 7 wà lórí ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ń fà. Ẹ ṣáà sọ fún èrò kí wọ́n má fẹsẹ̀ kọ́ ọ, kí wọ́n má sì jókòó lé e.

Omi tí kò jìn gan-an ló yẹ kó bà yín lẹ́rù jù. Nínú omi jíjìn, ṣéènì máa ń tẹ̀ kọdọrọ nísàlẹ̀, ìwúwo rẹ̀ ló ń gba ìgbì díẹ̀. Nínú omi mítà 2, kò sí àyè fún títẹ̀ yẹn. Atẹ́gùn díẹ̀ báyìí, ṣéènì ti le gbọnrangandan, ìgbì tó bá tẹ̀ lé e lu irin lọ́gán ni.

Ìyá_Ọlọ́kọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti sọ̀rọ̀ dídúró púpọ̀. Níbi tí èmi ti rí wíńlásì tó ń kú jù, ìgbà tí wọ́n bá ń fà á ni. Àwọn ọmọ wọ̀nyí á tẹ bọ́tìnì, wọ́n á fi wíńlásì fa ọkọ̀ tọ́ọ̀nù mélòó kan lọ bá ìdákọ̀ró, ẹ́ńjìnnì á wà ní pípa torí epo. Ṣé owó epo ìṣẹ́jú mẹ́ta ni àbí owó gíà?

Bí mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ mi nìyí. Ẹni kan níwájú, ẹni kan nídìí ẹ́ńjìnnì. Ẹni iwájú kì í pariwo, ọwọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀: ó nà án síbi tí ṣéènì wà, awakọ̀ á rọra wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀, ó di ẹ̀ṣẹ́, awakọ̀ á dúró. Ṣéènì tó bá ti dẹ̀ nìkan ni wíńlásì ń kó wọlé. Tó bá ti le, ẹ jáwọ́ nínú bọ́tìnì, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ lọ sí i. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí ìdákọ̀ró gan-an, tí ṣéènì dúró ṣánṣán, ẹ ti irin ìdábùú mọ́ ọn tàbí ẹ so ó mọ́ kílíìtì, kí awakọ̀ wá lọ síwájú díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló máa tu ú kúrò nínú ẹrẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wíńlásì á gbé e wá sókè, ìwúwo ṣéènì àti irin nìkan ló wá ń gbé.

Ní Tarkwa Bay níbi tí ìgbì ti ń wọlé, ẹ lo ìgbì yẹn. Imú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ṣéènì dẹ̀, ẹ fà á. Imú ọkọ̀ gòkè, ẹ dúró.

Tí kò bá wá láìka gbogbo èyí sí, ó ti kọ́ nǹkan nísàlẹ̀. Okùn ọkọ̀ àtijọ́, igi, ṣéènì ẹlòmíràn, omi Èkó ò mọ níwọ̀n. Ẹ má fi wíńlásì bá a jà. Ẹ tú ṣéènì díẹ̀, ẹ so ó pa mọ́ kílíìtì, ẹ wa ọkọ̀ yí i ká, ẹ gbìyànjú láti fà á láti apá ibòmíràn.

Àti pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ṣéènì nígbà tí wíńlásì bá ń yí. Kẹ̀kẹ́ eléyín yẹn kì í dá ìka mọ̀ yàtọ̀ sí ṣéènì. Aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ìborùn, òrùka, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ wà nítòsí ibẹ̀.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó

Màmá, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ní kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ yín sétígbọ̀ọ́ kápútéènì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo ti yẹ kílíìtì iwájú wò kí n tó so nǹkan kan mọ́ ọn. Ó ń mì. Nígbà tí mo wọ abẹ́ rẹ̀, sùkúrù igi ni wọ́n fi kàn án mọ́ fáíbà, kò sí nọ́ọ̀tì kankan lábẹ́.

BàbáAtukọ̀

O ṣeun tí o wò ó. Ìyẹn gan-an ló fà á tí àwọn kan fi máa ń sá lọ bá wíńlásì: kílíìtì wọn kò ṣeé gbójú lé. Má so ohunkóhun mọ́ ọn báyìí o. Tó bá já pẹ̀lú okùn tó ti fà tantan, ó ń padà wá sórí ọkọ̀ pẹ̀lú irin lẹ́nu.

Yọ ọ́. Lu ihò náà já sísàlẹ̀, kí o fi bóòtù tí kì í dípẹtà rọ́pò sùkúrù. Lábẹ́, fi pátákó irin pẹlẹbẹ kan sí i, kó fẹ̀ ju ìdí kílíìtì lọ dáadáa ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Wáṣà kékeré nìkan kò tó, yóò jẹ fáíbà wọlé bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Tí o bá lo pátákó igi, kí ó nípọn, kí o fi gọ́ọ̀mù bò ó kí omi má jẹ ẹ́. Kun ojú ihò náà ní gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí ọkọ̀ kí omi má baà wọ inú fáíbà, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní igi láàárín fáíbà méjì lókè, tí igi yẹn bá sì ti rà, bóòtù wo ló fẹ́ dúró? Fi ẹ̀yìn ìka lu ojú dẹ́ẹ̀kì níbẹ̀, gbọ́ bó ṣe ń dún. Tó bá dún gbọ̀ọ̀-gbọ̀ọ̀ láìle, igi ti rà, pe ẹni tó mọ fáíbà kí o tó ṣe ohunkóhun.

Wíńlásì pẹ̀lú, wo abẹ́ rẹ̀ bákan náà nígbà tí ẹ bá ń dá a padà.

Bósìn_Àpápá

Ẹ kú ìjíròrò. Lórí ọkọ̀ ńlá ni èmi wà, àmọ́ òfin kan náà ló ń darí wa. Níwájú Èkó, níbi tí àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́rù ti ń dúró kí àyè tó yọ fún wọn, kò sí ẹni tó ń fi mọ́tò wíńlásì dúró. Tí a bá ti tú ṣéènì tó, tí a ń kà á ní ṣákù-ṣákù, ṣákù kan sì jẹ́ mítà 27.5, a máa fún bíréèkì, a máa yọ mọ́tò kúrò nínú gíà pátápátá, a ó sì gbé irin ńlá kan dábùú ṣéènì lórí ìjókòó tó wà níwájú wíńlásì. Irin yẹn ló ń gba ẹrù.

Nínú ìlànà àwọn tó ń fọwọ́ sí ọkọ̀ lágbàáyé, tí irin ìdábùú bá wà, bíréèkì gbọ́dọ̀ lè mú ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó lè já ṣéènì. Tí kò bá sí, ìdá 80 ni. Mọ́tò kò sí nínú ìṣirò dídúró yẹn rárá. Ẹni tó bá ní kí ọkọ̀ kékeré máa fi gíà dúró, ẹ bi í pé kí ló dé tí ọkọ̀ tó ní mọ́tò tó tóbi ju ilé lọ kò fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kan fún ẹni tó ni ọkọ̀: ìdí ṣéènì yín, níbi tó parí sí nínú ihò, kí lẹ fi so ó?

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó

Ṣákù irin, ìdè onísùkúrù yẹn, kì í ṣe ìwọ̀n tí ẹ sọ, mọ́ òrùka kan lára ògiri. Ṣákù náà ti dípẹtà, kò ṣeé tú.

Bósìn_Àpápá

Ẹ gé e kúrò. Okùn ni kí ẹ fi so ìdí ṣéènì mọ́ ọkọ̀, okùn tó lágbára tó sì gùn débi pé tí ṣéènì bá jáde tán, okùn á yọ sójú dẹ́ẹ̀kì. Tí ọkọ̀ mìíràn bá já tó ń bọ̀ wá lù yín lóru, tàbí tí ìdákọ̀ró há tí ìjì sì dé, ọ̀bẹ kan lẹ máa fi gé okùn yẹn, ẹ ti lọ. Ẹ so bọ́ọ̀lù tàbí jẹ́ríkánì òfìfo mọ́ ọn kí ẹ tó gé e, kí ẹ lè padà wá wá a. Ta ló fẹ́ máa wá sípánà fún ṣákù tó dípẹtà nínú òkùnkùn?

Wáyà_ò_parọ́

Ẹ jẹ́ kí oníná náà sọ tirẹ̀. Wíńlásì wọ́ọ̀tì 1,000 lórí bátìrì fólítì 12 ń mu ampere tó ju 80 lọ, tí ẹrù bá sì wúwo ó ń mu jù bẹ́ẹ̀. Wáyà tó ń gbé e láti ẹ̀yìn ọkọ̀ wá síwájú gùn, ẹ sì rántí pé lílọ àti bíbọ̀ ni. Tí wáyà bá tín-ín-rín, iná tó dé iwájú á ti rẹ̀ kí ó tó débẹ̀, mọ́tò á máa fà láìlágbára, á máa gbóná. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n ní gíà ló pa, wáyà ló pa wọ́n.

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó fà, kí ọ̀tanéétọ̀ máa ti bátìrì lẹ́yìn. Bíréèkà tó bá já, ẹ má gbé e padà kíákíá kí ẹ máa fi tìpátìpá fà. Ẹ wo ìdí tó fi já. Ẹ tún jẹ́ kí mọ́tò sinmi láàárín, wọn ò ṣe é fún iṣẹ́ àìdúró. Orí wáyà tó ti ń hó funfun tàbí àwọ̀ ewé, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ fi gíríìsì bò ó. Iyọ̀ òkun kì í sùn.

Ẹ̀pẹ́_lomi

Mo gbà fún yín lórí okùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n Hamble, mo máa dán an wò. Àmọ́ ẹ ò tíì mẹ́nu ba gbéborùn, ewéko tó ń léfòó bo ojú omi yẹn. Láti ìgbà tó ti gba odò Badagry wọlé lọ́dún 1984 la ti ń bá a fà á. Tí òjò bá ti kún odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, ó ń bọ̀ ní erékùṣù-erékùṣù sórí ọ̀sà. Tó bá fi lè rọ̀ mọ́ ṣéènì yín nígbà tí omi ń fà lọ sókun, ìfà tó máa bá a wá, atẹ́gùn kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti rí okùn tó le débi pé ó ń dún.

Ẹ má dúró sójú ibi tí omi ti ń sáré ní àkókò yẹn. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ dúró, kí ẹnì kan wà lójúfò, kí ọ̀pá gígùn wà nítòsí láti fi ti èyí tó bá ń bọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó di ńlá. Tó bá ti kó jọ, wíńlásì kò lè gbé e. Ẹ tú okùn sí i, ẹ fi àdá gé e kúrò díẹ̀díẹ̀ láti orí ọkọ̀.

BàbáAtukọ̀

Òótọ́ lo sọ. Mo fẹ́ fi ti ìjì kún un. Atẹ́gùn ojoojúmọ́ wa, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ń fẹ́, gbogbo èèyàn á sì fi ìyẹn dá ibi tí wọ́n máa dúró sí. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ti ìparí rẹ̀ ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn. Ojú ọ̀run á ṣú dúdú lápá ibẹ̀, atẹ́gùn á dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí o tó wí pé kí ló dé, ọkọ̀ ti yí padà pátápátá, etí omi tó wà lẹ́yìn rẹ ti di ibi tí ìjì ń tì ọ́ lọ. Nítorí náà nígbà tí o bá ń ju ìdákọ̀ró, wo ẹ̀yìn rẹ láti ọ̀nà méjèèjì.

Ìwọ̀n ṣéènì: omi mítà 4, imú ọkọ̀ wà ní mítà 1.2 sókè omi, fi mítà 1 kún un nítorí omi tó máa kún. Ó di 6.2. Ìlọ́po márùn-ún, mítà 31 ṣéènì. Bó bá jẹ́ okùn ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìlọ́po méje. Tí ìjì bá ń bọ̀, tú sí i kí ó tó dé, kí o sì tú sínọ́bà náà gùn sí i. Fi ọ̀dà sàmì sí ṣéènì ní mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá kí o má baà máa méfò.

Ẹ wé okùn náà pẹ̀lú: níbi tí okùn bá ti ń gba ojú irin jáde, ó ń họ. Páìpù omi àtijọ́ tí ẹ là, tàbí aṣọ kánfáàsì nípọn, ẹ fi wé e níbẹ̀, ẹ so ó mọ́ okùn, kì í ṣe mọ́ ọkọ̀, kó lè máa bá okùn lọ bí ó bá ṣe ń fà.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè mi méjì tó kù. Ẹnì kan fẹ́ ta ṣéènì mílímítà 10 fún mi ní owó pọ́ọ́kú, pé ó lágbára ju 8 lọ. Ṣé kí n gbà á? Ìkejì, àwọn tó ń ta okùn ìpẹja lọ́jà, gbogbo wọn ló ń sọ pé náílọ́ọ̀nù ni tiwọn.

Àyìndé_Hamble

Ṣéènì 10: ẹ má rà á. Kò ní jókòó sínú kẹ̀kẹ́ eléyín tí wọ́n ṣe fún 8, yóò máa fò jáde, ìgbàkigbà tó bá sì fò, gíà tuntun yín ló ń lù. Ó tún wúwo gan-an, ó ju kílò 2 lọ ní mítà kan, ìṣirò wíńlásì tí a ṣe lókè ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn ṣéènì 10 fúnra wọn gan-an kò dọ́gba: ti DIN 766, ìlànà ìwọ̀n ti Jámánì, òrùka rẹ̀ jẹ́ mílímítà 28 ní gígùn inú, ti ISO, ìlànà àgbáyé, sì jẹ́ 30. Ẹni tó bá fi èyí rọ́pò tọ̀hún yóò rò pé wíńlásì ló bàjẹ́.

Ẹ̀pẹ́_lomi

Ti okùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé díẹ̀ tó gùn tó ìka kan fún yín, ẹ jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi níwájú wọn. Tó bá léfòó, ìyẹn kì í ṣe náílọ́ọ̀nù, irú èyí tó máa ń lọ́ mọ́ pírópẹ́là ni, kò sì ní fà tó náílọ́ọ̀nù fún yín. Tó bá rì, ó ṣì lè jẹ́ poliésítà, òun náà ń rì, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ fà. Nítorí náà ẹ di apá méjì okùn náà mú, kí ẹlòmíràn bá yín fà á, ẹ wò ó bóyá ó ń gùn lọ́wọ́ yín. Kí ẹ tó san owó ni o.

Ìyá_Ọlọ́kọ̀

Kí ẹ sì ra méjì. Ọ̀kan á máa wà nínú àpótí ní gbígbẹ fún ọjọ́ tí èyí tó wà níta bá họ.